Ilé ńlá tá a háyà ní abúlé Norfolk fún ọjọ́ ìbí Màmá: bó ṣe rí gan-an nìyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa ilé tá a gbà fún àádọ́rin ọdún Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí mi ò lè máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí wásáàpù mọ́. Ilé yẹn tó owó ẹ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó tó owó ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé síwájú nínú fọ́tò o. Fọ́tò hot tub, agbada omi gbígbóná ìta téèyàn ń jókòó sínú ẹ̀, ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn yín, ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ife wáìnì létí ẹ̀, hot tub yẹn ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú tèmi. Tábìlì ìjẹun ni kẹ́ ẹ wò, tábìlì àti kíṣìnì, àti bóyá yàrá gidi wà nísàlẹ̀ fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ owó ṣáájú. Èèyàn méjìdínlógún ni ilé náà gbà, £3,600 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa láti Friday sí Monday nínú oṣù November, tá a bá pín in ó di £200 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ní háà, £200 kẹ̀! Ó dáa, ẹ ṣírò pátí inú hall ní London wò: owó hall, owó alásè, DJ, MC, alága, àwọn tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n, mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ẹrù, aṣọ ẹbí, àti dípọ́síìtì tí wọn ò ní dá padà torí pé ẹnì kan da ọbẹ̀ sílẹ̀. Tí aago mọ́kànlá bá sì ti lù, oní-hall ti tan iná gbàà, wọ́n ti ń ká àga mọ́ èèyàn ní ìdí. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí gan-an ò ráyè bá ọmọ ẹ̀ kankan sọ̀rọ̀, aṣọ ló ń pààrọ̀ kiri. Màmá fúnra wọn ló ní àwọn ò ṣe, pé ojú àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ làwọn fẹ́ rí, àwọn ò fẹ́ rí ojú ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní London lọ́dún yìí. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé nìyẹn. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ ní August o, ilé yẹn kan náà, àsìkò tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, iye tí mo rí níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, wọn ò sì ní gbà fún wíìkẹ́ńdì nìkan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ máa san.

Àríwá Norfolk, ní ìlà oòrùn England, ló wà, abúlé kan láàárín Burnham Market àti Wells-next-the-Sea, ibi tí ilẹ̀ tán sí tó kan North Sea. Láti South London a gba M11 bọ́ sí A11, a wá gba A1065 kọjá ní Swaffham dé Fakenham, tí go-slow ò bá sí ẹ máa lò tó wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀, go-slow á sì wà. Láti Fakenham lọ lọ̀rọ̀ ti yí. Ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín títí tí á fi gba mọ́tò kan ṣoṣo, ewéko á dí i lọ́tùn-ún lósì bí ògiri, tẹ́ ẹ bá pàdé tírákítọ̀ ẹ̀yin lẹ máa fi rìfáàsì padà, torí tírákítọ̀ ò mọ̀ yín. Àwọn ẹyẹ pheasant á kàn máa rìn gbẹ̀fẹ́ láàárín títì bíi pé àwọn ló ń san owó orí ẹ̀. Iná títì kò sí, ìkankan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé, November yẹn aago mẹ́rin náà nilẹ̀ ń ṣú, torí náà kí ẹni tó bá máa wakọ̀ tètè jáde nílé, kó lọ dúró ní Fakenham, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ tréènì láti King's Cross dé King's Lynn kí ẹnì kan wá gbé e, àmọ́ bọ́ọ̀sì tó ń gba etí òkun, mi ò ní ní kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù.

Abà tí wọ́n ń kó ọkà sí ni ilé náà nígbà kan, wọ́n wá sọ ọ́ di ilé olówó. Akọ òkúta kéékèèké ni wọ́n fi mọ ògiri ẹ̀, wọ́n fi bíríkì pupa tẹ́ ẹ létí, bí ilé ṣe máa ń rí ládùúgbò yẹn nìyẹn torí òkúta yẹn ló pọ̀ nílẹ̀ wọn. Inú ẹ̀ ga dé òrùlé, igi àtijọ́ ńláńlá ló gbé e dúró, ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Gáàsì ò dé abúlé náà, epo ni wọ́n ń gbé wá sínú táńkì kan lẹ́yìnkùlé fún hítà àti omi gbígbóná, omi ìdọ̀tí náà ò sì lọ sínú páìpù ìjọba, sọ́kawé ló ń lọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gbogbo tọ́ílẹ́ẹ̀tì pé kẹ́nikẹ́ni má sọ wípù síbẹ̀. Àwa tá a dàgbà ní Iléṣà, kò ṣàjèjì sí wa, àwọn ọmọ tá a bí síbí ló yà lẹ́nu pé irú ẹ̀ wà ní England.

Ó wá kan tábìlì. Igi kan ṣoṣo tí wọ́n là gbọọrọ, gbogbo wa méjìdínlógún jókòó sí i lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé àwọn ọmọ ń jẹun lórí sófà tàbí pé ìyàwó ilé kan dúró sí kíṣìnì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé nílé wa ní London, tí gbogbo ẹbí bá pé, àwọn kan wà ní pálọ̀, àwọn kan wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú páálí takeaway lọ́wọ́. Níbẹ̀, lálẹ́ Saturday, Màmá jókòó sí ìkángun tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe pàdé Bàbá wa, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà tó jẹ́ àkọ́bí sọ pé àwọn ò gbọ́ rí. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ìyá Bàbá ti ní òun ò fẹ́ ọmọ tó gùn tó báyìí, tí wọ́n wá dìde dúró láti fi gíga wọn hàn wá, ọmọ-ọmọ wọn tó kéré jù lọ wá dúró tì wọ́n, ó ní òun náà máa gùn. Nítorí ìyẹn nìkan, wọ́n lè gba £200 mi míì.

Kíṣìnì ńkọ́? Ẹ gbọ́ o. AGA ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, sítóòfù irin ńlá kan ni, tó wúwo gan-an, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden kan tó ń jẹ́ Gustaf Dalén ló ṣe é ní 1922, ojú ẹ̀ ti fọ́ nígbà yẹn, ó sì ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 lórí nǹkan míì. Àwọn òyìnbó abúlé fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Kò ní iná tẹ́ ẹ máa rí, kò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa yí kí iná lọ sókè tàbí wálẹ̀. Ó kàn gbóná ni, tọ̀sán-tòru. Ojú méjì ló ní lókè, ọ̀kan gbóná kíkan, èkejì gbóná díẹ̀, ìdérí wúwo sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí fún ìgbà pípẹ́, ooru ẹ̀ á máa tán lọ, ẹ máa dúró kó tó tún kó ooru jọ. Ẹ wá ro ó wò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ se jọ́lọ́ọ̀fù, àǹtí mi ń se iṣu, èmi ń din ata, ojú méjì péré! Ìkòkò tí Màmá gbé láti ilé, àwọn ìkòkò alumíníọ̀mù tí ìsàlẹ̀ wọn rí roboto, kò jókòó dáadáa lórí ẹ̀ rárá, ìkòkò ìdí pẹlẹbẹ ni AGA ń fẹ́, kí ìdí ìkòkò lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní induction, sítóòfù oníná mànàmáná kékeré kan, sí ẹ̀gbẹ́ fún àrànṣe, induction náà kọ̀, torí ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì ò lè lẹ̀ mọ́ ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Iṣu tó yẹ kó jinná ní aago méje, aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó rọ̀.

Àmọ́ ẹ má kóríira AGA o. Oven ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò gbóná jù, a ti ẹran òbúkọ bọ inú ẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata lálẹ́ Friday, a lọ sùn. Nígbà tá a jí, ẹran ń já kúrò lára egungun fúnra ẹ̀, omi ẹ̀ nípọn, gbogbo ilé ń ta sánsán. Mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ rí. Torí náà ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ àti ata díndín ní London, kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà, ohun tó máa pẹ́ lórí iná nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún AGA, kẹ́ ẹ sì ra ìkòkò ìdí pẹlẹbẹ méjì dání. Ata yẹn náà, tẹ́ ẹ bá din ín níbẹ̀, aláàmù èéfín á ké, àwọn alákòóso á sì pè yín.

Wọ́n máa pè yín dáadáa, torí wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé, funfun, kékeré, tó ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní kì í gba ohùn èèyàn sílẹ̀, ó kàn ń wọn ariwo ni, ó sì wà nínú àdéhùn tá a fọwọ́ sí. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Iṣu wá jinná ní aago mẹ́sàn-án kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé odó wá nínú bútù mọ́tò wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, Màmá ò ní jẹ páúdà lọ́jọ́ àádọ́rin ọdún wọn. Wọ́n gbé odó sórí ilẹ̀ olókùúta inú kíṣìnì, àwọn ọkùnrin méjì gbá ọmọ odó mú, ó ń dún gbì gbì gbì, kò pẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni fóònù mi dún: ẹ jọ̀ọ́, a rí i pé ariwo ti ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bá wa dín orin kù. Orin kẹ̀! Mo kọ̀wé padà pé oúnjẹ la ń sè, wọn ò dáhùn. A gbé odó sórí aṣọ ìnura, a parí ẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kejì àdúrà ẹbí náà ló dé ibi tí wọ́n ti ń gbóná, fóònù tún dún. Mi ò bá wọn jà torí abúlé ni, ilé aládùúgbò ò jìnnà, àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé onílù lọ tètè mọ̀ pé ilé yìí kọ́.

Yàrá mẹ́sàn-án, ilé ìwẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì dáa, wọ́n lè pín in sí méjì fún àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Ti ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ti Màmá ló dáa jù, ṣáwà ẹ̀ ò ní ibi téèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé gùn, irin ìdìmú wà lára ògiri, wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni wá ran àwọn lọ́wọ́, inú wọn dùn gan-an sí ìyẹn. Ibi tí mo ti bínú ni hítà. Abẹ́ ilẹ̀ ni hítà náà wà, ó dùn mọ́ ẹsẹ̀, àmọ́ wọ́n ti tì í pa sí dígírì 20, èèyàn ò lè yí i fúnra ẹ̀. Màmá wọ súẹ́tà, wọ́n ró ìró méjì lé e, wọ́n fi gèlè bo etí. Mo pe ọ́fíìsì, wọ́n sì gbé e sókè láti ibi tí wọ́n wà, lórí fóònù wọn, ó sì tó wákàtí díẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná. Igi ìdáná náà, apẹ̀rẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, apẹ̀rẹ̀ kejì £10. Ilé £3,600! Ìwà ahun gbáà ni mo pe ìyẹn.

Hot tub yẹn, Màmá dúró lókè wò ó bó ṣe ń hó, wọ́n ní, "Ta lẹ fẹ́ sè nínú ìyẹn?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí fún àwọn àgbà. Kẹ́míkà inú ẹ̀ ò bá irun àwọn obìnrin mu, wọn ò gba ọmọ kékeré láàyè, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ló wọ inú ẹ̀. Yàrá fíìmù wà, wífì dáa, nẹ́tíwọ̀kì fóònù ò dáa, ẹ lo wífì fi pe èèyàn.

Ìta ńkọ́, torí ìyẹn náà wà lára ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Etí òkun Holkham ò jìnnà, ẹ máa wa mọ́tò dé Lady Anne's Drive, ẹ máa sanwó páàkì, ẹ máa gba inú igbó igi páìnì kọjá, iyanrìn á wá ṣí sílẹ̀ lójú yín, ó fẹ̀ débi pé àwọn ọmọ sáré títí wọ́n fi di kékeré lójú wa. Bí ẹ bá ń retí etí òkun bíi ti Èkó, ti igbì ń bú, òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn gan-an, ẹ lè rìn pẹ́ kẹ́ ẹ tó kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, tó bá ń padà bọ̀ ó máa ń gba ẹ̀yìn yọ, á kún àwọn ihò tó wà láàárín yín àti ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó fura. Ní Wells wọ́n ní fèrè tí wọ́n ń fọn nígbà tí omi bá ń kún, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ kó ọmọ yín kúrò.

Àsìkò tá a lọ yẹn tún lérè tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, pink-footed geese lorúkọ wọn, láti Iceland àti Greenland ni wọ́n ti ń wá lo ìgbà òtútù níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n ń jẹ èérún ṣúgà-bíìtì, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tó kù lóko. Ní ìdájí wọ́n á gbéra látinú irà etí òkun, wọ́n á gba orí ilé kọjá, ariwo wọn á sì kún ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ òrùlé ò bá àwọn wí o. Àwọn seal, ẹranko inú òkun, náà ń bímọ ní Blakeney Point látìparí October wọ January, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti Morston láti lọ wò wọ́n, àwọn ọmọ wọn funfun bí òwú, wọ́n kàn sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, nibẹ̀ wà láti 1912. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn, kí ẹ wá tún wọ òmíì lé e, afẹ́fẹ́ North Sea ò ṣeré.

Ohun tí Màmá gbádùn jù níta ni Walsingham. Ó sún mọ́ ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ní 1061 ni obìnrin kan ríran rí Màríà níbẹ̀, àwọn èèyàn wá ń rìnrìn àjò ẹ̀sìn lọ síbẹ̀ títí tí ọba Henry VIII fi wó ojúbọ ibẹ̀ ní 1538, àwọn Áńgílíkà tún kọ́ ojúbọ tuntun síbẹ̀ ní 1931, àwọn Àgùdà náà ní tiwọn lábúlé kejì. Ọmọ ìjọ CAC ni Màmá, ọ̀rọ̀ ère ò kàn wọ́n, ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn àbẹ́là yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àfìgbà tí wọ́n gbọ́ pé kànga wà níbẹ̀, tí wọ́n ń bu omi ẹ̀ wọ́n èèyàn tí wọ́n á sì gbàdúrà. Ẹni tó mọ ọ̀nà Ìkéjì-Àràkéjì, ilẹ̀ àdúrà CAC, látìgbà èwe, ẹ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ omi àdúrà fún un? Ìgò kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò tó wọn, wọ́n ní ká lọ gbé ìgò omi tó wà nínú mọ́tò wá.

Nípa ẹ̀yà, torí mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí: àwọn èèyàn wò wá nínú páàbù, wọ́n wò wá dáadáa, lẹ́yìn náà bàbá kan bi wá pé ta ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó sì fi ọwọ́ kan fìlà fún Màmá. Kò sí wàhálà. Ohun tó gbà mí láfiyèsí ni pé lálẹ́, fèrèsé púpọ̀ lábúlé náà ṣókùnkùn, ilé ọ̀sẹ̀-kan-lọ́dún ló pọ̀ níbẹ̀. Burnham Market tó wà nítòsí ni àwọn oníròyìn ń pè ní Chelsea etí òkun, torí Chelsea ni àdúgbò olówó ní London, ní 2023 sì làwọn ará ìlú náà dìbò pé ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ di ilé kejì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá háyà irú ilé yìí, ẹ jẹ́ ká ra ẹja àti mussels lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, kì í ṣe ká kó gbogbo nǹkan láti London. Iṣu, epo pupa àti ẹ̀fọ́ ilé wa nìkan lẹ ò ní rí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Monday ni wọ́n ní ká jáde, pẹ̀lú èèyàn méjìdínlógún! Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀mọ́ lálẹ́ Sunday. Ṣé ẹ rí dípọ́síìtì £500 yẹn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní àwọn máa yọ £120 nínú ẹ̀ nítorí àbàwọ́n kan lára sófà. Àbúrò mi obìnrin ti fi fóònù ya fídíò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tá a dé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, àbàwọ́n náà wà níbẹ̀ gbangba gbàǹgbà. A fi ránṣẹ́ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan lé e. Wọ́n dá gbogbo £500 padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fi kóòdù ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí wa fún ọdún tó ń bọ̀, tó jẹ́ pé January nìkan ló ṣeé lò.